Ẹni tó mọ géèmù ogun gbá kò tíì mọ ìbọn yìn

Ní Abẹ́òkúta, láti Pánṣẹ́kẹ́ títí dé Ọbáńtokò, ibi tí àwọn ọmọkùnrin bá ti kó ara jọ sídìí géèmù ogun Call of Duty, ẹnìkan á sọ ọ́ dandan: "Bí wọ́n bá gbé ìbọn AK lé mi lọ́wọ́ báyìí, mo mọ̀ ọ́n lò." Àwọn ìyá wọn náà gbà bẹ́ẹ̀, ohun tó sì ń já wọn láyà nìyẹn. Ọmọ ní òun ti di sójà, ìyá ní ọmọ òun ti ń kọ́ iṣẹ́ adigunjalè. Ìgbàgbọ́ kan náà ni tọmọ tìyá dì mú, pé bí ìbọn ṣe ń ṣe nínú géèmù náà ló ń ṣe lóde. Irọ́ ni.

Kò yà mí lẹ́nu pé wọ́n gbà á gbọ́, torí àwòrán géèmù òde òní ń tan àgbàlagbà jẹ. Ní 2011, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ITV nílùú Gẹ̀ẹ́sì gbé ètò kan jáde lórí Gaddafi àti IRA, ẹgbẹ́ tó gbé ìbọn láti gba Northern Ireland kúrò lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì fi àwòrán kan hàn pé àwọn IRA ló ń yìnbọn lu hẹlikọ́pítà. Inú géèmù Arma 2 ni wọ́n ti fà á yọ. Ní 2017, iléeṣẹ́ ètò ààbò Rọ́ṣíà gbé fọ́tò síta pé ẹ̀rí rèé pé Amẹ́ríkà ń ti ẹgbẹ́ agbésùnmọ̀mí ISIS lẹ́yìn. Àṣé láti inú géèmù ni ọ̀kan nínú àwọn fọ́tò náà ti wá. Ní 2022 ẹ̀wẹ̀, fídíò Arma 3 ń kiri ayé pé ogun Ukraine ni, títí Bohemia Interactive tó ṣe géèmù náà fi jáde sọ̀rọ̀ fúnra wọn. Bí iléeṣẹ́ ológun odidi orílẹ̀-èdè bá lè gbé géèmù síta bí ogun, a ò lè bá àwọn àǹtí tó ń fi irú fídíò bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí WhatsApp ẹbí wí jù.

Ojú nìkan ni gbogbo ìyẹn kàn, ṣá o. Àwọn tó ń ṣe géèmù ńláńlá máa ń lọ gba ìró ìbọn gidi sílẹ̀, wọ́n á sì ya ara ìbọn náà láìku ìṣó kan. Ìgbà tó bá kan yíyìn ni wọ́n ń yí i padà, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é ni.

Ẹ jẹ́ ká fi ìbọn ọdẹ wò ó, torí ìlú ọdẹ la wà. Ní ọ̀pọ̀ géèmù, ìbọn tó ń tú ọta wẹ́wẹ́ jáde kì í lágbára kọjá inú yàrá kan. Bí ọ̀tá bá ti lè sún sẹ́yìn díẹ̀, ọta á fọ́n ká bí gààrí tí afẹ́fẹ́ gbé, ẹni tí a yìn ín fún á sì máa bá eré rẹ̀ lọ. Ẹ sọ ìyẹn fún bàbá kan tó ń dọdẹ ọ̀yà lọ́nà Ọdẹ́dá, ẹ̀rín ni yóò fi dá yín lóhùn. Ní mítà 10, ọta tó jáde lẹ́nu ìbọn bẹ́ẹ̀ kì í sábà fẹ̀ ju nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà lọ. Ní mítà 30, ọta ńlá tí wọ́n fi ń pa àgbọ̀nrín ṣì lè pa èèyàn. Kí ló dé tí géèmù fi gé e kúrú? Bí wọ́n bá fi agbára rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe rí, òun nìkan ni gbogbo ayé á máa gbé, ìbọn yòókù á sì di ẹrù lásán. Kí ìjà lè dọ́gba ni wọ́n ṣe dín in kù.

Ọta AK ń jáde ní nǹkan bí mítà 715 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìró kò sì yára tó ìdajì ìyẹn. Ẹni tó bá dúró ní mítà 300, ọta ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kó tó gbọ́ ìró ìbọn. Ní géèmù bíi Counter-Strike, bí o bá ti tẹ bọ́tìnnì ni ọta ti dé, kò sí ìrìn kankan láàárín. PUBG àti Arma gbìyànjú ju ìyẹn lọ: ọta wọn ń rìn, ó sì ń rọ̀ wálẹ̀ bó ṣe ń lọ.

Ti sáílẹ́ńsà ló ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Nínú géèmù, wọ́n á fi dé ẹnu ìbọn, ìró á di "fíí". Dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọn ìró; ìbọn ogun ń dún tó nǹkan bí dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 160; sáílẹ́ńsà tó dára lè mú bí 20 sí 35 kúrò níbẹ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò, kí ẹ wo iye tó kù. Ará ilé kejì á ṣì ta jí.

Màgasíìnì, àpò irin tí ọta ń wà lára ìbọn, ńkọ́? Ti AK ń gba ọta 30, bí èèyàn bá sì tẹ ìka mọ́ ọn láìgbé e kúrò, bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta ni gbogbo rẹ̀ fi ń tán. Nínú ọ̀pọ̀ géèmù, wàá yìn mẹ́wàá, wàá pààrọ̀ màgasíìnì, ogún tó kù á sì padà sínú ìṣírò rẹ. Lóde, inú màgasíìnì tí o jù sílẹ̀ ni ogún yẹn wà. (Ní 1851 tí Dàhòmì gbógun wá bá àwọn Ẹ̀gbá, ẹ̀tù ni wọ́n ń dà sẹ́nu ìbọn, wọ́n á kì í kí wọ́n tó lè yìn ín lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ fojú inú wo ẹni tó ń gbá géèmù bẹ́ẹ̀.) Ti ẹ̀jẹ̀ tó ń padà sára fúnra rẹ̀ téèyàn bá ti lè lúgọ díẹ̀, Call of Duty 2 ló sọ ọ́ di àṣà nínú géèmù ogun láti 2005, kò yẹ kí n máa ṣàlàyé ìyẹn fún ẹnikẹ́ni.

Ọwọ́ àti ara gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Bí AK ṣe ń ta sókè nínú Counter-Strike, ọ̀nà kan náà ló ń gbà nígbà gbogbo. Àwọn ọ̀jáfáfá ti kọ́ ọ sórí, wọ́n sì ń fa máọ̀sì sí òdìkejì. Ìbọn gidi kò ní ìlànà téèyàn lè há sórí. Ó wúwo tó nǹkan bíi kílò mẹ́rin bí ọta bá wà nínú rẹ̀, ó ń gbá èjìká, ibi tó sì máa ta sí dá lórí bí o ṣe dúró, bí o ṣe dì í mú, bí o ṣe ń mí. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré gun òkè, tí àyà rẹ̀ ń lù kìkì, kò lè mú ojú ìbọn dúró. Àtàǹpàkò orí fóònù kò mọ ìkankan nínú èyí, pàápàá nígbà tí ọ̀pọ̀ géèmù fóònù ń bá a rọra fa ojú ìbọn sọ́dọ̀ ọ̀tá.

Àwọn ọdẹ máa ń sọ pé bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà, bó bá pẹran, kò ní fún ẹnìkan jẹ. Ìyà yẹn ni géèmù yọ kúrò. Lójú ogun, sójà lè yìnbọn títí láìrí ojú ọ̀tá rí, kó kàn máa yìn ín sígbó kí àwọn tọ̀ún má baà gbórí sókè. Ta ló fẹ́ ra dátà láti máa wo igbó?

Àwọn ológun alára mọ ìyàtọ̀ yìí. Ní 1996, àwọn sójà Marine ilẹ̀ Amẹ́ríkà tún géèmù Doom II ṣe fún ìlò ara wọn, bí ẹni mẹ́rin ṣe ń ṣiṣẹ́ pọ̀ ni wọ́n sì fi ń kọ́ni. Géèmù America's Army, tí iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2002, tí wọ́n sì tì pa ní 2022, wọ́n fi ń fa ọ̀dọ́ mọ́ra ni. Ọ̀dọ́ tó bá wá forúkọ sílẹ̀, ì báà mọ̀ ọ́n gbá ju gbogbo ayé lọ, orí pápá ni wọ́n ń mú un lọ, wọ́n á ní kó dùbúlẹ̀, wọ́n á gbé ìbọn gidi fún un, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ láti orí bí wọ́n ṣe ń mí.