Awò ìbọn tí ààyè ìyípo rẹ̀ tán

Ààyè ìyípo awò ìbọn tán nígbà tí kókó ìyípo orí rẹ̀ bá ti dé òpin, síbẹ̀ tí ọta kò tíì bà ibi tí àgbélébùú inú awò ń tọ́ka sí. Ẹni tó ń yí i yóò máa gbọ́ kẹ́, kẹ́, kẹ́, títí kókó náà yóò fi le, tí kò ní lọ mọ́. Ó lè ṣẹlẹ̀ sí kókó òkè, tó ń gbé ibi tí ọta ń bà sókè tàbí sísàlẹ̀, ó sì lè ṣẹlẹ̀ sí ti ẹ̀gbẹ́, tó ń mú un lọ sọ́tùn-ún tàbí sósì. Awò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń dá lẹ́bi. Àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó gbé awò dúró lórí ìbọn ni ó wọ́, ìyẹn ìpìlẹ̀ tí a dè mọ́ ìbọn tàbí òrùka tó di awò mú.

Inú awò

Páìpù méjì ló wà nínú awò ìbọn, ọ̀kan nínú èkejì. Ti ìta ni ojú ń rí, mílímítà 25.4, 30 tàbí 34 ni ìbú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́. Ti inú kéré jù ú lọ, òun ló sì gbé àwọn gíláàsì tí kì í jẹ́ kí àwòrán dorí kodò. Súkúrúù abẹ́ kókó òkè ń tì í láti òkè, ti kókó ẹ̀gbẹ́ ń tì í láti ẹ̀gbẹ́, sípíríǹgì sì ń tì í padà láti òdìkejì. Bí a bá yí kókó, páìpù inú ni ó ń tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ìgbà tó bá kan ògiri páìpù ìta, ààyè tán nìyẹn.

Róbótó ni ògiri yìí, ibẹ̀ sì ni ohun tó ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu ti ń wá. Bí páìpù inú bá ti lọ jìnnà sókè tàbí sísàlẹ̀, ààyè tó kù fún un sọ́tùn-ún àti sósì ti dín kù, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó dúró lẹ́bàá ògiri nínú yàrá róbótó kò ṣe lè na ọwọ́ méjèèjì tán. Nítorí náà, kókó ẹ̀gbẹ́ tó kọ̀ láti lọ lè jẹ́ pé kókó òkè ló fà á. Ní òpin kan, sípíríǹgì pẹ̀lú ti nà tán, kò sì ní agbára tó mọ́. Bí ìbọn bá ta padà, àgbélébùú lè kúrò ní ibi tí a fi í sí.

Ìwọ̀n ìyípo

MOA (minute of angle) àti mil ni ìwọ̀n igun tí a fi ń ka ìyípo kókó. MOA kan jẹ́ ìdá kan nínú 60 díígírì kan, ó sì tó sẹ̀ǹtímítà 2.9 ní mítà 100. Mil kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 ní mítà 100. Awò tó wọ́pọ̀ máa ń rìn ní ìdá kan nínú mẹ́rin MOA tàbí mil 0.1 ní kẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ní mítà 25, ìdá kan nínú mẹ́rin MOA kò ju mílímítà 1.8 lọ. Ẹni tó fẹ́ gbé ọta lọ ní sẹ̀ǹtímítà 5 ní mítà 25 nílò bíi kẹ́ 27, bẹ́ẹ̀ méje péré tó fún un ní mítà 100. Ọ̀pọ̀ awò tí wọ́n ní ó ti kú ni a kàn yí díẹ̀ jù ní ìtòsí.

Ohun tó jọ ọ́ àmọ́ tí kì í ṣe òun

Àwọn awò kan ní ìdádúró tí ẹni tó ni wọ́n fúnra rẹ̀ dè sínú kókó òkè, kó má bàa sọ̀ kalẹ̀ kọjá ibi tó ti tò ó sí. Bí wọ́n bá gbé irú awò bẹ́ẹ̀ sórí ìbọn mìíràn láì tú ìdádúró náà, yóò dà bíi pé ààyè ti tán. Yíyí kókó sí ìhà òdì pẹ̀lú wọ́pọ̀ ju bí àwọn ènìyàn ti ń jẹ́wọ́ lọ. Súkúrúù òrùka tàbí ti ìpìlẹ̀ tó tú náà ń jẹ́ kí ọta fọ́nká, tí ẹni tó ń yìn ín yóò sì máa fi kókó lé e kiri.

Wíwá ibi tí àṣìṣe wà

A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ gbogbo ọta kúrò nínú ìbọn, kí a sì fi ojú wo inú ihò rẹ̀ pé ó ṣófo.

Lẹ́yìn náà, a ó dá àgbélébùú padà sí àárín gbùngbùn. Ọ̀nà tó rọrùn ni ti dígí: a ó fa awò sí ìwọ̀n ìsọdi-ńlá tó kéré jù, a ó gbé ẹnu iwájú rẹ̀ tẹ̀ mọ́ dígí, a ó sì wo inú rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Àgbélébùú yóò hàn, òjìji rẹ̀ yóò sì hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A ó máa yí kókó méjèèjì títí ọ̀kan yóò fi bo èkejì. Kíka kẹ́ láti òpin dé òpin kí a sì pín in sí méjì tún ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kò péye tó bẹ́ẹ̀ nítorí ògiri róbótó tí a sọ lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tí awò bá ti wà ní àárín, a ó gbé e sórí ìbọn, a ó yọ bóòtù (irin tó ń dí ẹ̀yìn ihò ọ̀pá ìbọn), a ó gbé ìbọn náà sórí ohun tí kò ní mì, a ó sì wo ohun kan tó jìnnà láti inú ihò ọ̀pá ìbọn. Láì fọwọ́ kan ìbọn, a ó wá wo inú awò. Bí àgbélébùú bá wà nítòsí ohun kan náà, ìpìlẹ̀ kò burú. Bí ó bá jìnnà gan-an, kì í ṣe awò ló wọ́. A lè yí òrùka kan padà sẹ́yìn sí iwájú ká tún wò ó: bí àṣìṣe bá yí padà, òrùka náà ló ni ín.

Ohun tó ń fà á

Ìpìlẹ̀ oníbéjì, tí ti iwájú àti ti ẹ̀yìn kò ga bákan náà, ni wọ́n máa ń gbé sí ipò ara wọn jù lọ. Ihò súkúrúù tí a kò lù sí ojú ìlà ọ̀pá ìbọn náà wà níbẹ̀. Ó wọ́pọ̀ lára ìbọn ológun àtijọ́ bíi Mauser 98, tí púpọ̀ nínú wọn kò ní ihò awò tẹ́lẹ̀, tí a wá lù ú fún wọn lẹ́yìn ìgbà pípẹ́. Ìbọn atẹ́gùn tí a ń ṣẹ́ ní àárín kí a tó ki ọta sí i máa ń ní ọ̀pá tó tẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, ọta rẹ̀ sì ń bọ́ sísàlẹ̀ jù. Ọ̀nà jíjìn pẹ̀lú lè mú ààyè tán láì sí àṣìṣe kankan.

Àtúnṣe

Bí ọta bá ń bọ́ sísàlẹ̀ tí kókó òkè sì ti dé òpin, ẹ̀yìn awò ni a ń gbé ga. Bí ó bá ń lọ sókè jù, iwájú ni. Bí àlàfo láàárín ìdúró iwájú àti ti ẹ̀yìn bá jẹ́ mílímítà 100, pẹlẹbẹ irin mílímítà 0.1 lábẹ́ ìdúró ẹ̀yìn yóò gbé ọta sókè ní mil kan. Abẹ́ ìpìlẹ̀ ló yẹ kó wà, kì í ṣe inú òrùka, nítorí inú òrùka ó lè tẹ páìpù awò bọ́.

Fún ọ̀nà jíjìn, réèlì tó dagun, ìyẹn ìpìlẹ̀ gígùn tí ẹ̀yìn rẹ̀ ga ju iwájú lọ, sàn ju pẹlẹbẹ lọ. Awò tí ààyè rẹ̀ jẹ́ MOA 60 ní 30 sókè àti 30 sísàlẹ̀. Lórí réèlì MOA 20, ó di 50 sókè àti 10 sísàlẹ̀. Bí a bá gbé réèlì náà kọ ẹ̀yìn síwájú, 10 péré ni yóò kù sókè. Fún ọ̀tún àti òsì, ìpìlẹ̀ ẹ̀yìn kan wà tí súkúrúù méjì ń tì láti ẹ̀gbẹ́, òrùka kan sì wà tó ní ike inú tí ihò rẹ̀ kò sí láàárín.

Bí gbogbo èyí kò bá ràn án, a ó yẹ awò fúnra rẹ̀ wò: a ó yin ọta kan, a ó yí kókó ní kẹ́ 20 sọ́tùn-ún, 20 sísàlẹ̀, 20 sósì, 20 sókè, a ó sì máa yin ọta ní igun kọ̀ọ̀kan. Ọta ìkẹyìn yẹ kó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe awò ni a ń dá a padà sí. Kò dára kí a tú u nílé, nítorí gáàsì gbígbẹ ni wọ́n sábà máa ń fi kún inú rẹ̀. Bí ó bá ti jáde, ìkùukùu yóò máa bo gíláàsì rẹ̀ láti inú.