Bílíìṣì tí a pò mọ́ nǹkan mìíràn kì í le sí i

Ẹ da bílíìṣì sí àwo tọ́ílẹ́ẹ̀tì, àbàwọ́n pupa yẹn kò mira. Ẹ wá wo ike kejì, èyí tí wọ́n ṣe fún ìdọ̀tí tó ti lẹ̀ mọ́ àwo pinpin, ẹ ní kí wọ́n jọ ràn án. Ó hó yẹ́ẹ́, òórùn kan sì gbéra tó ń ta nímú. Inú yín dùn pé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ ti dúró ni o. Agbára bílíìṣì ló ń sá jáde yẹn.

Omi tí wọ́n po sodium hypochlorite, kẹ́míkà kan tí kílóríìnì wà nínú rẹ̀, sí ni bílíìṣì, nǹkan bí ìdá 3 sí 6 nínú 100 nínú èyí tí à ń lò nílé. Bí ohun kíkan kò bá wọ inú omi náà, jẹ́ẹ́ ni kílóríìnì jókòó sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ásíìdì, ìyẹn ohun kíkan, wà nínú ọ̀pọ̀ ohun tí à ń fi fọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì, bó bá sì ti kan bílíìṣì báyìí, kílóríìnì á di gáàsì. Gáàsì yìí wúwo tó ìlọ́po méjì àbọ̀ afẹ́fẹ́, ilẹ̀ ló máa ń rà mọ́, ibi tí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ tó ń họ àwo kó imú sí gan-an. Òun náà ni àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sílẹ̀ lójú Ogun Àgbáyé Kìíní ní Ypres, ìlú kan ní Belgium, ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 1915.

Fínígà ńkọ́, ṣebí a ń jẹ ẹ́? Ásíìdì ni. Kì í ṣe ikùn ló ń bá jà, bílíìṣì ni. Amóníà, tó máa ń wà nínú àwọn kan lára ohun tí à ń fi nu gíláàsì, tó sì ń jáde lára ìtọ̀ tó ti pẹ́, òun àti bílíìṣì a máa bí gáàsì mìíràn tó ń pa ojú àti àyà lára.

Mo ti ṣe é rí, mo tún ti ilẹ̀kùn kí òórùn má baà wọ yàrá. Ikọ́ kọ́kọ́ dé, omijé tẹ̀ lé e. Èmi sì ń họ ọ́ lọ, pé kí n parí rẹ̀ kí n tó jáde! Ibẹ̀ ni mo ti gọ̀ jù. Ẹ fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ẹ jáde síta gba atẹ́gùn. Ẹ má da nǹkan kẹta lé e láti fi pa á. Bí àyà bá ń fún yín, dókítà ló kàn, torí wàhálà ẹ̀dọ̀fóró lè dúró fún wákàtí mélòó kan kó tó yọjú.

Iṣẹ́ àwọn méjèèjì yàtọ̀ tẹ́lẹ̀. Bílíìṣì ń pa kòkòrò, ó ń sọ nǹkan di funfun. Ásíìdì ló ń yọ èépá tí omi fi sílẹ̀. Àkókò ni bílíìṣì ń fẹ́: ẹ fi í sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tó fi omi púpọ̀ ṣàn án. Bí àbàwọ́n pupa náà bá ṣì jókòó síbẹ̀, ó di ọ̀la kí ẹ tó ṣí ike kejì.