Bí 50 àti 50 ṣe ń di 80 lọ́wọ́ VA

Ẹni tó bá ní ọmọ tàbí àbúrò tó wọ iṣẹ́ sójà l'Amẹ́ríkà, ì báà jẹ́ Ìlọrin ló ń gbé, ì báà jẹ́ Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán, á ti gbọ́ ọ rí lórí fóònù pé "wọ́n ti fún mi ní pasẹ́ǹtì báyìí báyìí". Àwọn ọmọ wa ò kéré níbẹ̀ o. Nígbà tí àwọn ológun Amẹ́ríkà gbé ètò tí wọ́n ń pè ní MAVNI kalẹ̀, tí wọ́n fi ń gba àjèjì tó gbọ́ èdè tí wọ́n nílò, Yorùbá wà lára àwọn èdè tí wọ́n kọ sílẹ̀, Haúsá àti Ígbò náà wà níbẹ̀. Láti 2016 ni wọn ò ti gba èèyàn tuntun sí i mọ́, àmọ́ àwọn tó bá a wọlé ti ń jáde níṣẹ́ báyìí, ìwé ti ń dé ọwọ́ wọn láti ọ̀dọ̀ VA, ìyẹn iléeṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó àwọn tó ti ṣe sójà rí, pasẹ́ǹtì tó ń sọ bí iṣẹ́ ológun ṣe ba ara wọn jẹ́ tó ló wà nínú ẹ̀, àwọn ará ilé ló sì ń dá a túmọ̀ fúnra wọn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń dàrú.

Ká sáré kọjá ibi tó rọrùn. Owó mẹ́ta ló wà, àwa la kàn ń pe gbogbo ẹ̀ ní pẹ́ńṣọ̀n. Àkọ́kọ́ ni owó ìfẹ̀yìntì gangan, ti ẹni tó lo ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀dọ̀ àwọn ológun fúnra wọn ló ti ń wá. Ìkejì ni owó ìpalára, VA ló ń san án, kò sí owó orí lórí ẹ̀, wọn kì í sì í wo bóyá èèyàn lo ogún ọdún tàbí ọdún mẹ́ta, wọn kì í wo bóyá ó dé ojú ogun, tí ìpalára bá ṣáà ti bá a lẹ́nu iṣẹ́, tí wọn ò sì fi ìtìjú lé e dànù. Ìkẹta wá ni èyí tí VA fúnra wọn ń pè ní pension, òun gan-an sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ò ní rí gbà, torí ti ẹni tí owó tó ń wọlé fún kéré ni, tó ti pé ẹni ọdún 65 tàbí tí àìlera ti jẹ́ kó jókòó sílé pátápátá, tó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ lásìkò tí òfin kà sí àsìkò ogun. Nítorí náà, ẹni tó bá ń sọ pé "ọdún mẹ́rin péré lọmọ yẹn lò, báwo ló ṣe ń gba pẹ́ńṣọ̀n", tó wá ń fi wé bàbá tó fẹ̀yìntì ní bárékè Sóbì tó ń gba tiẹ̀ lọ́dọ̀ Military Pensions Board l'Ábújá, ohun méjì tí kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn ló ń fi wéra. Ọmọ yẹn ò gba owó ọdún iṣẹ́, owó ara tó bàjẹ́ ló ń gbà.

Kí VA tó fún èèyàn ní nọ́ńbà kankan, ìyẹn pasẹ́ǹtì yẹn, wọ́n á wá ohun mẹ́ta: àìsàn tàbí ìpalára tó wà lára ẹ̀ báyìí tí dókítà ti kọ sílẹ̀, ohun kan tó ṣẹlẹ̀ nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, àti ọ̀rọ̀ dókítà tó so àwọn méjèèjì pọ̀. Dókítà ò ní láti búra o. Tó bá ti lè sọ pé bó ṣe lè jẹ́ iṣẹ́ ológun ló fà á ò kéré sí bó ṣe lè máà jẹ́ òun, ó tó, torí òfin wọn sọ pé bí ẹ̀rí tó gbè é àti èyí tó ta kò ó bá dọ́gba, ẹni tó ṣe sójà ni kí wọ́n dá láre. Òfin yẹn dáa gan-an, torí ìwé ilé ìwòsàn àárín aginjù kì í pé. Fún àwọn mìíràn, òfin ti bá wọn so ó pọ̀ tẹ́lẹ̀: PACT Act tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kẹjọ ọdún 2022 sọ pé ẹni tó wà ní Ìráàkì tàbí Afghanistan, níbi tí wọ́n ti ń dáná sun ìdọ̀tí, tí irú jẹjẹrẹ kan tàbí ikọ́ fée wá mú un lẹ́yìn náà, kò nílò kó máa fi hàn mọ́ pé èéfín yẹn ló fà á. Ìpalára kan sì lè bí òmíràn. Eékún tó bàjẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ló jẹ́ kó máa tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan rìn, lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá ìbàdí ti ń dùn ún, wọ́n á ka ìbàdí yẹn náà mọ́ ọn.

Ẹni tí wọ́n bá fún ní 0, kó má fi ìbínú ya ìwé yẹn o. 0 yẹn túmọ̀ sí pé VA ti gbà pé iṣẹ́ ológun ló fà á, owó nìkan ni ò tíì sí, ìtọ́jú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ti ṣí sílẹ̀, lọ́jọ́ tó bá sì le sí i kò ní máa ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ẹni tó máa jẹ́rìí sí ohun tó fà á.

Ó wá ku ibi tí gbogbo èèyàn ti ń pariwo. Wọ́n fún ọmọ náà ní 50 nítorí ọpọlọ tí ò fara balẹ̀ mọ́ látìgbà tó ti dé, wọ́n tún fún un ní 50 nítorí ẹ̀yìn. Ará ilé ṣírò ẹ̀, ó rí 100. Ìwé dé, 80 ló wà nínú ẹ̀. Ariwo sọ: wọ́n ti rẹ́ ọmọ wa jẹ, torí pé àjèjì ni, torí pé dúdú ni. Wọn ò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ níbẹ̀ yẹn. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ka ti gbogbo èèyàn, ọmọ Texas o, ọmọ Ìlọrin o.

Ẹ mú odindi aṣọ òfì kan, tuntun, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hun tán. Eku wọ inú àpótí, ó jẹ ìdajì ẹ̀. Ìdajì tó kù ṣì dáa. Eku kejì wọlé, òun náà ní eyín tó lè jẹ ìdajì ohunkóhun tó bá bá. Kò lè jẹ ibi tí eku àkọ́kọ́ ti jẹ, ihò ló wà níbẹ̀, kò sí aṣọ. Ìdajì èyí tó ṣẹ́kù ló máa jẹ, ìyẹn sì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo aṣọ náà. Tí a bá wá kó ohun tó bàjẹ́ pọ̀, 75 nínú 100 ni, ìdá mẹ́rin kan ṣì wà tí wọ́n lè fi rán fìlà. Jẹ́ kí eku kẹta wá, kí ẹ̀kẹrin wá, kí mẹ́wàá tò sílẹ̀, kí ìkọ̀ọ̀kan jẹ ìdajì ohun tó bá, aṣọ náà á máa kéré sí i ni, kò ní tán láé, òwú díẹ̀ á ṣì wà nílẹ̀ fún eku kọkànlá.

Ohun tí VA ń kà nìyẹn. Wọn kì í to ìpalára jọ, ara tó ṣẹ́kù ni wọ́n ń wò. Wọ́n á mú èyí tó tóbi jù ṣáájú, wọ́n á yọ ọ́ kúrò nínú 100, èyí tó tẹ̀ lé e á jẹ nínú ìyókù, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí. Wọ́n tiẹ̀ ti to gbogbo èsì ẹ̀ sínú tábìlì kan nínú ìwé òfin wọn, ìwé 38, ìpín 4.25, kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣì í ṣírò. Ẹni tó ní 60, 20 àti 10: 60 ti lọ, 40 ló kù, 20 pasẹ́ǹtì nínú 40 jẹ́ 8, ó di 68, 32 ló kù, 10 pasẹ́ǹtì nínú ìyẹn ò ju 3 àti díẹ̀ lọ, ó di 71. Ìgbẹ̀yìn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbé e lọ sí ẹ̀wá tó sún mọ́ ọn jù, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Tó bá parí sí 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó gòkè, tó bá dín, ó wálẹ̀. 71 di 70. 75 ti ọmọ wa di 80. Ká ní 74 ni, 70 ni ìbá di, ẹyọ kan péré yẹn ìbá sì jẹ́ kó pàdánù 285 dọ́là àti sẹ́ǹtì díẹ̀ lóṣooṣù ní iye tí wọ́n ń san ní 2025.

Ìṣirò yìí bá ara èèyàn mu, ká sọ òótọ́. Èèyàn tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti bàjẹ́ tí etí rẹ̀ sì ń hó ṣì wà láàyè, ó ṣì ń rìn, ó ṣì ń ronú, kò tíì di òfo. Àmọ́ ibi tó wú mi lórí jù ni ibi tí wọ́n ti rí i pé ìṣirò yẹn lè ṣi ẹsẹ̀ méjèèjì kà. Tí eékún ọ̀tún bá bàjẹ́, ti òsì lèèyàn á fara tì. Tí ti òsì náà bá bàjẹ́, kí ló fẹ́ fara tì? Nítorí náà, tí ìpalára bá wà lẹ́sẹ̀ méjèèjì, tàbí lápá méjèèjì, wọ́n á kọ́kọ́ ṣe ìṣirò àwọn méjèèjì pọ̀, wọ́n á wá fi ìdá mẹ́wàá èsì yẹn lé e gbọnrangandan, láìjẹ́ pé ó tún jẹ nínú ìyókù. 10 àti 10 fún eékún méjèèjì jẹ́ 19, wọ́n fi 1.9 lé e, ó di 21 kó tó lọ pàdé àwọn ìpalára yòókù. Ó kéré lójú, àmọ́ nígbà tí èèyàn bá wà lórí 74, ó lè jẹ́ òun ló máa gbé e débi 80. Ẹni tó jókòó kọ òfin yẹn ti rí arọ rí. Etí ò ní irú ẹ̀ o: etí tó ń hó, 10 ni, ì báà jẹ́ ọ̀kan, ì báà jẹ́ méjèèjì.

Láti 30 lọ sókè, VA máa ń fi owó lé e fún ìyàwó tàbí ọkọ, fún ọmọ, àti fún òbí náà. Ti òbí yẹn lọ̀pọ̀ ò mọ̀. Òbí ọ̀hún gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ọmọ ń gbọ́ bùkátà ẹ̀ lóòótọ́, fọ́ọ̀mù 21P-509 ni wọ́n fi ń béèrè ẹ̀, wọ́n á sì fẹ́ mọ iye tó ń wọlé fún ìyá tàbí bàbá náà àti ohun ìní tó ní, torí náà kí ọmọ máa tọ́jú rísíìtì owó tó ń fi ránṣẹ́ sílé. Ọwọ́ ọmọ lowó yẹn ń bọ́ sí o, VA ò ní fi ránṣẹ́ sí báńkì bàbá. Ọmọ náà tó bá sì padà wá gbé Ìlọrin pátápátá, owó ìpalára ò ní torí ìyẹn dúró.

Ní December kọ̀ọ̀kan ni owó ìpalára yìí máa ń gòkè bí ọjà bá ti wọ́n tó, èyí tí wọ́n ń san ní 2025 fi 2.5 pasẹ́ǹtì ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Abala 173 nínú ìwé òfin wa ti 1999 náà ní kí wọ́n máa yẹ pẹ́ńṣọ̀n wò, ọdún márùn-ún márùn-ún ni tàbí ìgbà tí wọ́n bá yẹ owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ wò, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Ọdún márùn-ún ti pẹ́ jù fún àgbàlagbà tó ń ra èlùbọ́ ní Ọjà Ọba.

Ẹni tí ò tíì ní gbogbo ìwé, kó tètè sọ fún VA pé òun fẹ́ béèrè, Intent to File ni wọ́n ń pè é, ọdún kan ló ní láti fi kó ìwé jọ, tí wọ́n bá sì gbà á, ọjọ́ tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n lè ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó ẹ̀. Kó má sì sanwó fún ẹnikẹ́ni láti bá a kọ ìbéèrè àkọ́kọ́, òfin ò gbà kí wọ́n gbowó lórí ẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ àwọn tó ti ṣe sójà rí, bíi American Legion, DAV àti VFW, ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.

Ibi tí ètò náà ti kù díẹ̀ káàtó wà lókè pátápátá. Ní 2025, ẹni tó dá wà tó ní 80 ń gba 2,044.89 dọ́là lóṣù. Ẹni tó ní 90 ń gba 2,297.96, àlàfo wọn ò ju 253 lọ. Ẹni tó ní 100 wá ń gba 3,831.30, ìyẹn 1,533 dọ́là lórí 90. Ẹ wá rántí àwọn eku yẹn. Ẹni tó wà lórí 90 gangan, tí wọ́n tún fún ní 10, 91 ló dé, wọ́n á dá a padà sí 90. Kódà 40 tuntun ò lè gbé e kúrò níbẹ̀, 94 ló máa gbé e dé. Àfi kí àpapọ̀ ohun tuntun tó rí tó 50. Ibi tówó ti pọ̀ jù ni ìṣirò ti le jù, mi ò sì rí ìdí gidi kan tó fi yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, torí ẹni tó wà lórí 94 àti ẹni tó wà lórí 95, ìrora wọn ò lè fi ẹgbẹ̀rún kan dọ́là jura wọn lọ.

Ọ̀nà míì wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé iṣẹ́ ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo àpapọ̀ nọ́ńbà nìkan. TDIU ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí ìpalára kan ṣoṣo rẹ̀ bá ti tó 60, tàbí tí àpapọ̀ rẹ̀ tó 70 tí ọ̀kan nínú wọn sì tó 40, tí àwọn ìpalára yẹn ò jẹ́ kó lè di iṣẹ́ gidi kan mú, wọ́n lè máa san owó 100 fún un nígbà tí nọ́ńbà rẹ̀ ṣì wà ní 70. Fọ́ọ̀mù 21-8940 ni, wọ́n á béèrè àwọn ibi tó ti ṣiṣẹ́ kẹ́yìn àti ìdí tí kò fi lè bá a lọ mọ́. Ọmọ tó wà lórí 70 tàbí 80, tí wọ́n ń dá dúró níbi iṣẹ́ kan dé òmíràn nítorí ẹ̀yìn tàbí nítorí ọkàn tí ò balẹ̀, fọ́ọ̀mù yẹn ni kó wá lọ, kó yé fi gbogbo ọdún wá 10 kún 10.