Pípe ìrànlọ́wọ́ ní èdè Ítálì: ibi téèyàn wà ló ṣáájú

Ní Ítálì, 112 ni nọ́ńbà tó yẹ kí arìnrìn-àjò há sórí. Ọ̀fẹ́ ni. Ní ọ̀pọ̀ àgbègbè ibẹ̀, kì í ṣe ọlọ́pàá tàbí dókítà ló ń kọ́kọ́ gbé e. Òṣìṣẹ́ ibùdó ìpè ni, òun ló máa wádìí ibi tọ́rọ̀ ti ṣẹlẹ̀ àti irú ọ̀rọ̀ tó jẹ́, kó tó ta ìpè náà sí ọlọ́pàá, panápaná tàbí àwọn elétò ìlera.

Ìbéèrè tó sábà máa ń ṣáájú ni "Dove si trova?", níbo lẹ wà? Ibí yìí gan-an ló yẹ kéèyàn múra sílẹ̀ fún jù, torí áńbúláǹsì kò lè wá síbi tí wọn ò mọ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ni "Sono in via", kéèyàn wá fi orúkọ òpópónà tì í. Orúkọ yẹn sábà máa ń wà lára ògiri ilé tó wà ní igun òpópónà. Bó bá ṣòro pè, kéèyàn máa ka lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Vicino alla stazione" ni ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin. Lójú títì márosẹ̀, nọ́ńbà kìlómítà tó wà lára pátákó ẹ̀gbẹ́ títì ni kéèyàn kà.

Bí èdè bá fẹ́ dínà, "Inglese, per favore" ni kéèyàn sọ, wọ́n lè fi ògbufọ̀ sórí ìpè náà.

Lẹ́yìn èyí ló kan aláìsàn. "È cosciente?": ṣé ó ṣì lajú, tó ń dáhùn? "Respira?": ṣé ó ń mí? "Sì" tàbí "no" ti tó. "Non respira" ni pé kò mí, "dolore al petto" ni àyà ríro, "sono incinta" ni pé mo lóyún. Tí wọ́n bá ní "Resti in linea", kéèyàn má pa fóònù o! Wọ́n lè máa kọ́ ọ bí yóò ṣe tẹ àyà aláìsàn títí olùrànlọ́wọ́ á fi dé.

Ẹni tí kò ní fóònù lọ́wọ́ lè ké sí àwọn tó ń kọjá: "Aiuto!", a-yú-to, ẹ gbà mí o. "Chiamate un'ambulanza!", kia-má-te un ambulántsa, ẹ bá wa pe áńbúláǹsì.

Ti olè kò pẹ́ rárá. "Mi hanno rubato il passaporto" ni pé wọ́n jí ìwé ìrìnnà mi. Ọ̀dọ̀ Carabinieri, ìyẹn àwọn ọlọ́pàá ológun, tàbí ní Questura, olú ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá, ni wọ́n ti ń kọ ìwé ẹ̀sùn tí wọ́n ń pè ní denuncia. Kéèyàn gba ẹ̀dà rẹ̀ dání lọ sí ilé iṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀.

Ní pronto soccorso, ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì ilé ìwòsàn, bí àìsàn ṣe le tó ni wọ́n fi ń tò, kì í ṣe ẹni tó kọ́kọ́ dé. Àwọ̀ pupa ló ṣáájú, funfun ló kẹ́yìn. Ẹni tí kò ní ìwé ìgbélùú náà ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú kánjúkánjú: abala 35 òfin 286 ti ọdún 1998 kà á léèwọ̀ pé kí ilé ìwòsàn tìtorí àìníwèé fi ẹjọ́ rẹ̀ sun ìjọba.