Ṣé ìjẹgàba ológun lórí àwọn ará Palẹsítínì lè dópin? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìgbà wo gan-an ló bẹ̀rẹ̀?

Oṣù Kẹfà ọdún 1967 ni. Ísírẹ́lì bá Íjíbítì, Jọ́dánì àti Síríà jagun fún ọjọ́ mẹ́fà. Nígbà tí ogun náà fi máa parí, Gásà àti aginjù Sínáì ti bọ́ lọ́wọ́ Íjíbítì, òkè Gólánì ti bọ́ lọ́wọ́ Síríà, ìlà-oòrùn Jerúsálẹ́mù àti ilẹ̀ tó wà ní ìwọ̀-oòrùn odò Jọ́dánì sì ti bọ́ lọ́wọ́ Jọ́dánì. Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, Jẹ́ríkò, Hébúrónì, àti Nablus tí àwọn tó ń ka Bíbélì mọ̀ sí Ṣékémù, orí ilẹ̀ yìí ni gbogbo wọn wà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, Ìgbìmọ̀ Ètò Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ìpinnu 242, pé kí Ísírẹ́lì kó ọmọ ogun rẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ tó gbà, kí gbogbo orílẹ̀-èdè agbègbè náà sì lè máa gbé láìsí ìbẹ̀rù. Sínáì padà sọ́wọ́ Íjíbítì lọ́dún 1982. Ilẹ̀ àwọn ará Palẹsítínì kò tíì kúrò lábẹ́ Ísírẹ́lì.

Báwo ló ṣe rí fún ẹni tó ń gbé lábẹ́ rẹ̀?

Òkè kan náà, òfin méjì. Bí ọmọkùnrin ará Palẹsítínì bá ju òkúta, ilé-ẹjọ́ ológun ló ń lọ. Bí ọmọ Ísírẹ́lì tó ń gbé lókè ọ̀hún, ní ìletò tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì kọ́ sórí ilẹ̀ tí wọ́n gbà náà, bá ṣe ohun kan náà, ilé-ẹjọ́ tí kò ní sójà nínú, lábẹ́ òfin Ísírẹ́lì, ni yóò dé. Sójà lè ti ará Palẹsítínì mọ́lé fún oṣù mẹ́fà láìka ẹ̀sùn kankan sí i lọ́rùn, kí wọ́n sì tún un ṣe léraléra. Ní nǹkan bí ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ ìwọ̀-oòrùn odò Jọ́dánì, àwọn ológun Ísírẹ́lì ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ láti kọ́lé, agbára káká ni ará Palẹsítínì sì fi ń rí i gbà. Ẹni tó bá kọ́lé láìgbàṣẹ, katakata yóò wá wó o.

Lọ́dún 2002, Ísírẹ́lì bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ògiri. Àwọn tó ń so bọ́ǹbù mọ́ra ti pa ọ̀pọ̀ èèyàn nínú bọ́ọ̀sì àti ilé oúnjẹ ní Ísírẹ́lì nígbà náà, òótọ́ sì ni pé ìkọlù yẹn dínkù púpọ̀ lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n ibi tó pọ̀ jù nínú ògiri náà kò tọ ààlà tó wà kí ogun 1967 tó bẹ̀rẹ̀. Inú ilẹ̀ àwọn ará Palẹsítínì ló gbà, tó fi jẹ́ pé àgbẹ̀ mìíràn wà ní apá kan, igi ólífì rẹ̀ wà ní apá kejì. Àwọn tó ń ti Nàìjíríà lọ sí Bẹ́tílẹ́hẹ́mù fún ìrìn-àjò ìsìn ń gba ẹ̀gbẹ́ ògiri yìí kọjá, bọ́ọ̀sì wọn kì í sì í sábà pẹ́ níbẹ̀. Ará Bẹ́tílẹ́hẹ́mù fúnra rẹ̀, ì báà jẹ́ Kristẹni tàbí Mùsùlùmí, kò lè wọ Jerúsálẹ́mù tó wà ní nǹkan bí kìlómítà mẹ́wàá sí i láìgba ìwé àṣẹ. Èyí máa ń dùn mí nígbàkigbà tí mo bá gbọ́ tí àwọn èèyàn wa ń sọ ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni pé kò sí Kristẹni kan lára àwọn tó ń jìyà rẹ̀.

Ṣebí Ísírẹ́lì ti kúrò ní Gásà lọ́dún 2005?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ariel Sharon, olórí ìjọba Ísírẹ́lì nígbà náà, tú ìletò mọ́kànlélógún ká níbẹ̀, ó sì kó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ọmọ Ísírẹ́lì jáde, àwọn mìíràn ń sunkún, sójà ń gbé wọn lápá. Ṣùgbọ́n òfuurufú Gásà, etíkun rẹ̀ àti èyí tó pọ̀ jù nínú ẹnubodè rẹ̀ kò kúrò lọ́wọ́ Ísírẹ́lì. Hamas, ẹgbẹ́ Mùsùlùmí Palẹsítínì tó ń fi ìbọn bá Ísírẹ́lì jà, jáwé olúborí nínú ìbò ọdún 2006, wọ́n fi ìbọn gba Gásà lọ́dún 2007, Ísírẹ́lì pẹ̀lú ìfọwọ́sowọ́pọ̀ Íjíbítì sì ti ibẹ̀ pa.

Nínú ìtàn yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ Ísírẹ́lì ti ń sọ pé: a kúrò, rọ́kẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi san án fún wa, lẹ́yìn náà ló kan ọjọ́ keje oṣù Kẹwàá ọdún 2023, tí Hamas àti àwọn tó tẹ̀lé wọn pa nǹkan bí ẹgbẹ̀fà (1,200) èèyàn, tí wọ́n sì jí nǹkan bí 250 gbé lọ. Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe àròsọ, ẹni tó bá fẹ́ kí ìjẹgàba yìí parí kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Nínú ogun tó tẹ̀lé e, ó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta ará Palẹsítínì tó kú gẹ́gẹ́ bí ilé-iṣẹ́ ìlera Gásà ṣe kà á, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ obìnrin àti ọmọdé. Ẹ̀kọ́ tí èmi rí kọ́ nínú ọ̀rọ̀ Gásà ni pé Sharon kó àwọn èèyàn rẹ̀ jáde láìbá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn, ó sì di kọ́kọ́rọ́ ilé mú síbẹ̀.

Kí ló dé tí àdéhùn Oslo kò fi yanjú rẹ̀?

Àdéhùn àlàáfíà ni. Lọ́dún 1993, Yitzhak Rabin, olórí ìjọba Ísírẹ́lì, àti Yasser Arafat, olórí àwọn ará Palẹsítínì, bọ ara wọn lọ́wọ́ lórí rẹ̀ ní Washington. Ọdún márùn-ún ni ètò náà fi sílẹ̀ fún ìjọba onígbà díẹ̀ ti Palẹsítínì, ó sì sún àwọn ọ̀rọ̀ tó le jù síwájú: Jerúsálẹ́mù, ààlà, ìletò, àti àwọn ará Palẹsítínì tí ogun ìdásílẹ̀ Ísírẹ́lì lọ́dún 1948 lé kúrò nílé. Hamas ń fi bọ́ǹbù ba ètò náà jẹ́. Lọ́dún 1995, ọ̀dọ́mọkùnrin Júù kan tó kórìíra àlàáfíà náà yìnbọn pa Rabin. Gbogbo ìgbà yẹn ni wọ́n sì ń kọ́lé lọ ní àwọn ìletò. Ẹni tó bá ti ṣe ẹjọ́ ilẹ̀ rí lọ́dọ̀ wa mọ̀ pé ẹni tó bá ti kọ́lé dé òrùlé kí ìdájọ́ tó jáde, ọwọ́ tirẹ̀ ló ń ròkè. Lónìí, ó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta (500,000) ọmọ Ísírẹ́lì tó ń gbé ìwọ̀-oòrùn odò Jọ́dánì, àwọn tó ń gbé ìlà-oòrùn Jerúsálẹ́mù sì lé ní 200,000.

Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé ti ní kò bófin mu. Kí ló tún kù?

Ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2024 ni ilé-ẹjọ́ tó wà ní The Hague sọ ọ́, adájọ́ mọ́kànlá sí mẹ́rin, pé kí Ísírẹ́lì fòpin sí i ní kíákíá. Ní oṣù Kẹsàn-án, orílẹ̀-èdè 124 dìbò ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pé kó jẹ́ láàárín oṣù méjìlá. Oṣù méjìlá ti kọjá. Ìmọ̀ràn ni ilé-ẹjọ́ náà fúnni, kò ní ọlọ́pàá, Amẹ́ríkà sì lè wọ́gi lé ìpinnu èyíkéyìí ní Ìgbìmọ̀ Ètò Ààbò.

Síbẹ̀, mi ò gbà pé asán ni. Ẹ wo Nàmíbíà, tó wà lábẹ́ Gúúsù Áfíríkà nígbà kan. Lọ́dún 1971, ilé-ẹjọ́ yìí kan náà sọ pé Gúúsù Áfíríkà kò lẹ́tọ̀ọ́ láti wà níbẹ̀, adájọ́ mẹ́tàlá sí méjì, Charles Onyeama ọmọ Nàìjíríà sì wà lára àwọn mẹ́tàlá náà. Gúúsù Áfíríkà kọ etí ikún sí i. Ọdún mọ́kàndínlógún kọjá kí Nàmíbíà tó gba òmìnira ní oṣù Kẹta ọdún 1990. Ogun Àǹgólà, níbi tí àwọn sójà Kúbà ti dojú kọ wọ́n, ń gba ẹ̀mí àti owó lọ́wọ́ Gúúsù Áfíríkà. Lọ́dún 1985, àwọn báńkì òkèèrè kọ̀ láti sún ọjọ́ sísan gbèsè rẹ̀ síwájú. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ilé aṣòfin Amẹ́ríkà fòfin dí òwò rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n sì borí Ààrẹ Reagan tó fẹ́ dá a dúró. Ìdájọ́ yẹn ló jẹ́ kí àwọn tó ń jà ní ohun tí wọ́n lè nawọ́ sí. Nígbà tí ìjẹgàba náà wá náni ju èrè rẹ̀ lọ, ó parí.

Ísírẹ́lì kò tíì dé ibẹ̀. Lábẹ́ àdéhùn tí wọ́n ṣe lọ́dún 2016, bílíọ̀nù 3.8 dọ́là ni Amẹ́ríkà ń fún àwọn ológun rẹ̀ lọ́dọọdún. Àwọn aláwọ̀ funfun Nàmíbíà sì dúró sí ilẹ̀ náà bí ọmọ onílùú, kò sí ẹni tó ní kí wọ́n kó kúrò. Ní Palẹsítínì, orí òkè kan náà ni orílẹ̀-èdè méjì ń dupò lé.

Ṣé orílẹ̀-èdè méjì ṣì ṣeé ṣe?

Ó ṣì ṣeé ṣe kí Ísírẹ́lì àti Palẹsítínì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àmọ́ àyè rẹ̀ ń fún sí i lọ́dọọdún. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń gbé ìletò wà nítòsí ààlà àtijọ́, ìdí nìyẹn tí Ehud Olmert, olórí ìjọba Ísírẹ́lì nígbà náà, àti Mahmoud Abbas, ààrẹ àwọn ará Palẹsítínì, fi jíròrò pàṣípààrọ̀ ilẹ̀ lọ́dún 2008. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, Ísírẹ́lì fọwọ́ sí ètò ilé kíkọ́ tí wọ́n ń pè ní E1, nǹkan bí 3,400 ilé lẹ́yìn odi ìlú Jerúsálẹ́mù, ní ọwọ́ ìlà-oòrùn rẹ̀, èyí tí yóò gé àríwá ìwọ̀-oòrùn odò Jọ́dánì kúrò lára gúúsù rẹ̀. Àwọn mìíràn ní kó di orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo, ẹ̀tọ́ kan náà fún gbogbo èèyàn. Ọ̀pọ̀ Júù ibẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ ọ, torí iye tiwọn àti ti àwọn ará Palẹsítínì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba láàárín odò àti òkun. Èyíkéyìí nínú méjèèjì sàn ju èyí tó wà nílẹ̀ báyìí lọ.

Kí ló ń yí padà, kí ló sì ń dí i lọ́wọ́?

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, Bìrìtìkó, Kánádà, Ọsirélíà àti Fáransé gbà pé Palẹsítínì jẹ́ orílẹ̀-èdè. Ọdún 1988 ni Nàìjíríà ti gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ti Bìrìtìkó, tó ṣàkóso ilẹ̀ náà títí di 1948, wúwo lọ́nà tirẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá, wọ́n dáwọ́ ogun Gásà dúró lórí ìwé, àwọn tó ṣì wà láàyè nínú àwọn tí wọ́n jí gbé sì padà sílé. Ìpinnu tí Ìgbìmọ̀ Ètò Ààbò ṣe ní oṣù tó tẹ̀lé e mẹ́nu ba ọ̀nà tó lè já sí orílẹ̀-èdè Palẹsítínì, kò sì dá ọjọ́ kankan fún un.

Ohun tó ń kọ mí lóminú jù ni pé àwọn ará Palẹsítínì kò ní olórí tí wọ́n dìbò yàn láti lọ jókòó sí ìdí tábìlì. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n yan Abbas fún ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2005, kò sì sí ìbò ààrẹ mìíràn láti ìgbà náà. Marwan Barghouti, aṣáájú òṣèlú Palẹsítínì kan tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ì bá yàn, wà lẹ́wọ̀n Ísírẹ́lì láti 2002 lórí ẹ̀sùn ìpànìyàn. Nígbà tí ìdìbò fẹ́ wáyé lọ́dún 2021, Abbas sún un síwájú, ó ní Ísírẹ́lì kò tíì gbà kí àwọn ará ìlà-oòrùn Jerúsálẹ́mù dìbò. Àwọn orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Palẹsítínì wọlé lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀: kí wọ́n bá Ísírẹ́lì sọ ọ́ títí yóò fi gbà kí wọ́n gbé àpótí ìbò sí Jerúsálẹ́mù, kí wọ́n sì má jẹ́ kí Abbas tún rí àwáwí.