Bí Owó Ilé Ṣe Di Iṣẹ́ Káńsù ní Ìlú Ọba

Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ti pẹ́ ní Peckham àti àyíká rẹ̀ ní gúúsù London ló mọ lẹ́tà kan tí káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ àdúgbò wọn, máa ń fi ránṣẹ́ nígbà tí oṣù kẹrin ọdún bá ń wọlé. Lẹ́tà náà máa ń gùn. Wọ́n á kọ owó iṣẹ́, owó ìfẹ̀yìntì, iye ènìyàn inú ilé àti owó ilé sí i, wọ́n á ṣírò wọn lọ ṣírò wọn bọ̀, wọ́n á sì parí rẹ̀ sí iye kan ṣoṣo tí káńsù yóò máa san lọ́sẹ̀. Ìrànwọ́ owó ilé (Housing Benefit) nìyẹn. Òfin tó gbé e kalẹ̀, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Westminster ló ti wá. Owó tí wọ́n fi ń san án, àpò ìjọba àpapọ̀ ni púpọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ ti ń jáde. Síbẹ̀ káńsù ló ń gba ìwé, òun ló ń yẹ̀ ẹ́ wò, òun ló ń ṣe ìpinnu, òun náà sì ni èébú ń bá. Kò sí ẹni tó jókòó tó pète rẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni iṣẹ́ náà já lé káńsù lọ́wọ́, nítorí pé káńsù ti di onílé kí ó tó di ẹni tó ń bá ayálégbé san owó ilé.

Ogun Àgbáyé Kìíní ló fà á tí káńsù fi di onílé. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ rọ́ lọ sí Glasgow láti kan ọkọ̀ ojú omi àti láti rọ ohun ìjà, àwọn onílé ibẹ̀ gbówó lé ilé. Ní 1915, àwọn obìnrin àdúgbò Govan, tí Mary Barbour ṣe aṣáájú wọn, kọ̀ láti san àfikún náà, wọ́n sì ń kóra jọ dí ọ̀nà mọ́ ẹni tí ilé ẹjọ́ bá rán wá láti lé ayálégbé jáde. Kí ọdún náà tó parí, ìjọba ti fi òfin de owó ilé mọ́lẹ̀. Onílé tí kò lè gbówó lé ilé kò ní yá ara láti kọ́ òmíràn. Nítorí náà ni òfin 1919, èyí tí a fi orúkọ mínísítà Christopher Addison pè, ṣe gbé ilé kíkọ́ lé àwọn káńsù lọ́wọ́, tí ìjọba àpapọ̀ sì ń fi owó tì wọ́n lẹ́yìn.

Ilé tí wọ́n kọ́ dára, ṣùgbọ́n àwọn tó tòṣì jù kò lè san owó rẹ̀. Nígbà tí òfin 1930 pàṣẹ pé kí àwọn káńsù wó àwọn ilé jákujàku, kí wọ́n sì kó àwọn tó ń gbé inú wọn lọ sí ilé tuntun, ó fún wọn láyè láti dín owó ilé kù fún ẹni tí apá rẹ̀ kò ká a. Àyè yìí ni mo kà sí ìpilẹ̀ṣẹ̀ gidi fún ohun tí à ń sọ, ìlú Leeds ló sì lò ó tọkàntọkàn jù lọ. Charles Jenkinson, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ní àdúgbò Holbeck, ni ó ń darí ìgbìmọ̀ ilé ní káńsù náà. Ní 1934, ó gbé ètò kan jáde pé agbo ilé kọ̀ọ̀kan yóò sọ iye tó ń wọlé fún un, wọn yóò yọ ohun tí wọn nílò láti jẹ àti láti wọ̀, ìyókù ni yóò sì sọ iye tí wọn yóò san. Àwọn kan kò san kọ́bọ̀. Ẹ wo ilé méjì tó so mọ́ra, tí fèrèsé wọn dọ́gba, tí ilẹ̀kùn wọn jọra, tí ẹni tó wà ní apá ọ̀tún ń san owó gọbọi nítorí pé ọmọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, tí aládùúgbò rẹ̀ sì ń gbé lọ́fẹ̀ẹ́. Inú bí àwọn ayálégbé, pàápàá àwọn tí iṣẹ́ wọn dán mọ́rán díẹ̀, ẹgbẹ́ òṣèlú Labour, ti Jenkinson, sì pàdánù káńsù Leeds nínú ìdìbò 1935. Ní Birmingham, nígbà tí káńsù fẹ́ ṣe irú ètò àyẹ̀wò owó bẹ́ẹ̀ ní 1939, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ayálégbé ni kò san owó ilé mọ́ títí káńsù fi fà sẹ́yìn. Láti ìgbà náà títí di òní, n kò tíì rí ẹni tó dáhùn ìbéèrè àwọn ará Leeds, pé kí ló dé tí aládùúgbò méjì yóò máa san owó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lórí irú ilé kan náà, lọ́nà tó tẹ́ gbogbo ènìyàn lọ́rùn.

Ọ̀dọ̀ káńsù kọ́ ni ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ rárá ń lọ nígbà náà. William Beveridge, tí ìròyìn rẹ̀ ti 1942 di ìpìlẹ̀ ètò ìrànwọ́ ní Bìrìtéènì, rí i pé owó ilé yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú, àti pé ẹbí méjì tí oúnjẹ wọn ò ju ara wọn lọ lè máa san owó ilé tí kò bá ara wọn mu rárá. Ó fi sílè mẹ́wàá lọ́sẹ̀ sínú ìṣirò rẹ̀ fún owó ilé, ó sì gbà pé ìyẹn kò yanjú ọ̀rọ̀. Nígbà tí National Assistance Board, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ran aláìní lọ́wọ́, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1948, ohun tó ṣe ni pé ó ń ro iye owó ilé tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń san gan-an pọ̀ mọ́ owó oúnjẹ rẹ̀. Bí tábìlì ṣe di méjì nìyẹn: ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tí owó rẹ̀ kéré ń bẹ káńsù fún ẹ̀dínwó, bí káńsù rẹ̀ bá ní irú ètò bẹ́ẹ̀, ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ń gba owó ilé lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, yóò sì gbé e lọ fún káńsù.

Ní 1972, ìjọba ẹgbẹ́ Conservative sọ ẹ̀dínwó náà di dandan fún gbogbo káńsù, ó sì fi ìrànwọ́ kún un fún àwọn tó ń yá ilé lọ́wọ́ onílé aládàáni. Ṣùgbọ́n òfin kan náà ló pàṣẹ pé kí káńsù gbówó lé ilé. Ní Clay Cross, ìlú awakùsà kékeré kan ní Derbyshire, àwọn káńsílọ̀ mọ́kànlá kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n bu owó lé wọn láti san lápò ara wọn, wọ́n sì gba ipò lọ́wọ́ wọn. Fífi ọwọ́ kan gbowó tí à ń fi ọwọ́ kejì dá a padà kò wọ̀ wọ́n létí.

Òfin 1982 ló pa tábìlì méjèèjì pọ̀, ó sì gbé gbogbo rẹ̀ fún káńsù. Ìjọba fẹ́ dín òṣìṣẹ́ ara rẹ̀ kù, ó sì rò pé ẹni tó ń gba owó ilé ló yẹ kó mọ bí a ti ń dín in. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ayálégbé káńsù tó ń gba owó oúnjẹ lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Ní oṣù kẹrin 1983 ni wọ́n kó gbogbo àwọn yòókù wọlé. Kí káńsù tó lè ṣe ohunkóhun fún ẹni tí kò níṣẹ́, ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ìwé-ẹ̀rí ránṣẹ́. Ìwé-ẹ̀rí ń pẹ́, òmíràn ń sọnù, ètò kọ̀ǹpútà káńsù mìíràn kò tíì ṣetán, ìṣirò ti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ sì takókó débi pé ìwọ̀nba ènìyàn ló mọ̀ ọ́n. Lẹ́tà gbèsè owó ilé ń jáde láti yàrá kan ní káńsù, nígbà tí ìwé tí ìbá pa gbèsè náà rẹ́ wà ní yàrá kejì tí kò sẹ́ni tó ṣí i wò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1984, ìwé ìròyìn The Times kọ ọ́ pé ètò ìrànwọ́ ìjọba kò tíì rí ìdàrúdàpọ̀ iṣẹ́ ọ́fíìsì tó tó èyí rí.

Àtúnṣe dé ní oṣù kẹrin 1988, ìṣirò ìgbà náà ni wọ́n sì ń lò títí di òní. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ wò ó. Obìnrin kan ń san £120 lọ́sẹ̀. Òfin ní iye kan tó kà sí pé ó tó o láti gbọ́ bùkátà ọ̀sẹ̀. Bí ohun tó ń wọlé fún un kò bá ju iye náà lọ, wọ́n lè san £120 náà pé. Bí owó iṣẹ́ rẹ̀ bá fi £20 ju iye náà lọ, káńsù yóò mú 65p nínú pọ́ùn kọ̀ọ̀kan tó lé, ìyẹn £13, yóò sì san £107. Nítorí èyí ni káńsù fi ń béèrè ìwé owó iṣẹ́, ìwé báǹkì, ìwé àdéhùn ilé àti nọ́ńbà National Insurance, tí bí ọmọ bá kó jáde tàbí tí owó iṣẹ́ bá sún, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ ìṣirò láti orí.

Ìdí mìíràn tún wà tí òṣìṣẹ́ káńsù kì í fi fẹ́ gba ẹ̀dà ìwé tí kò hàn dáadáa. Ìjọba àpapọ̀ ló ń dá owó padà fún káńsù, ṣùgbọ́n bí owó tí káńsù fi àṣìṣe ara rẹ̀ san kọjá 0.54% nínú gbogbo ohun tó san lọ́dún, wọn kò ní dá kọ́bọ̀ padà lórí owó àṣìṣe náà. Ní ti ẹni tí ìpinnu kò bá tẹ́ lọ́rùn, títí di oṣù keje 2001, ìgbìmọ̀ àwọn káńsílọ̀ káńsù yẹn kan náà ni ó ń gbẹ́jọ́ rẹ̀! Lẹ́yìn tí òfin ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni wọ́n tó gbé ẹjọ́ náà lọ sí ilé ẹjọ́ tó dá dúró.

Láàárín ìgbà náà, ìjọba ti tú owó ilé tuntun lọ́dọ̀ onílé aládàáni sílẹ̀ láti oṣù kìíní 1989. Nígbà tí wọ́n bi mínísítà ilé, George Young, léèrè ní 1991 nípa àwọn tí kò ní lè san iye tí ọjà bá pè, ó ní ìrànwọ́ owó ilé ni yóò gbé ẹrù náà. Ó gbé e lóòótọ́, owó tí ìjọba ń ná sórí rẹ̀ sì ń ga sí i. Láti 2008, dípò kí wọ́n máa yẹ ilé kọ̀ọ̀kan wò, wọ́n fi iye kan lélẹ̀ fún agbègbè kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí iye yàrá tí ènìyàn nílò, wọ́n sì ń san owó náà fún ayálégbé fúnra rẹ̀. Bí gbèsè bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, káńsù a máa san án fún onílé. Ọ̀pọ̀ onílé kò gbà. Wọ́n ń kọ “No DSS” sí ìpolówó ilé wọn, ìyẹn ni pé àwọn kò fẹ́ ẹni tó ń gba owó ìrànwọ́, bẹ́ẹ̀ Department of Social Security, ilé-iṣẹ́ ìjọba tí lẹ́tà mẹ́ta yẹn ń tọ́ka sí, ti kógbá sílé ní 2001. Ilé ẹjọ́ kan ní York ló sọ ní 2020 pé irú ìkọ̀sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lòdì sí òfin.

Láti 2013 ni wọ́n ti ń já iṣẹ́ náà gbà díẹ̀díẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún yẹn, wọ́n ní kí káńsù yọ 14% kúrò nínú owó ilé tí wọ́n fi ń ṣírò fún ẹni tí kò tíì dé ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì tó ń gbé ilé káńsù tàbí ilé ẹgbẹ́ (housing association) tí yàrá kan bá ṣẹ́kù nínú rẹ̀, kí wọ́n yọ 25% bí ó bá jẹ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù kan náà ni Universal Credit bẹ̀rẹ̀ ní Ashton-under-Lyne, èyí tó da owó ilé pọ̀ mọ́ owó oúnjẹ lábẹ́ ìjọba àpapọ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí fún ẹni tí kò níṣẹ́ ní 1948. Àwọn àgbàlagbà tó ti dé ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì ló kù fún káńsù jù lọ, pẹ̀lú àwọn tó wà ní ilé ìgbà díẹ̀ tàbí ilé tí wọ́n ti ń ṣètọ́jú ènìyàn. Ẹni tí ìwé ìwọ̀lú rẹ̀ bá sọ pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan owó ìjọba kò sí nínú wọn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa ló sì wà nípò yẹn fún ọdún pípẹ́. Àwọn àgbà tó sì rí i pé ó tọ́ sí àwọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ọjọ́ orí ìyàwó tàbí ọkọ wọn kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé: láti oṣù karùn-ún 2019, bí ẹnì kan nínú àwọn méjèèjì kò bá tíì dé ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì, ọ̀dọ̀ Universal Credit ni káńsù yóò darí wọn sí.