Iye tí lọ́tò nọ́ńbà ń náni

Lọ́tò tí wọ́n ti ń mú nọ́ńbà 5 jáde nínú 1 sí 90, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Bàbá Ìjẹ̀bú, jẹ́ tẹ́tẹ́ tí òfin fọwọ́ sí. Òfin Lọ́tò ti ọdún 2005 fi í sábẹ́ ìjọba àpapọ̀, títí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ fi fagi lé òfin náà ní ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá 2024, nínú ẹjọ́ tí ìjọba Èkó pè. Ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni ilé-ẹjọ́ náà ní ọ̀rọ̀ lọ́tò wà.

Ẹni tó bá mú nọ́ńbà 2, tí méjèèjì sì jáde, a gba ìlọ́po 240: ₦100 di ₦24,000. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n méjì-méjì tó wà nínú 90 jẹ́ 4,005, mẹ́wàá péré ló sì ń jẹ nígbà kan, ìyẹn 1 nínú nǹkan bí 400. Ìlọ́po 400 ni ì bá jẹ́ ọgbọọgba. Nítorí náà, nínú ₦100 tí wọ́n bá fi ta á, bíi ₦40 kì í padà sọ́wọ́ àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́. Ti nọ́ńbà 3 tún le jù bẹ́ẹ̀: 1 nínú 11,748, wọ́n sì ń san ìlọ́po 2,100.

Ẹni tó pẹ́ẹ̀mù nọ́ńbà 5 ní méjì-méjì, ìyẹn ni pé ó so ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mọ́ gbogbo ìyókù, ta ìlà 10, méjì-méjì kan sí ìlà kan. Bí ìlà kan bá jẹ́ ₦100, ₦1,000 lọ nìyẹn. Bíi ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà 43 ni méjì nínú nọ́ńbà rẹ̀ lè jáde pọ̀. Ọ̀kan ṣoṣo, ní tirẹ̀, a máa yọjú ní bíi ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́rin, “ó ku ọ̀kan” yìí ló sì ń dá ènìyàn padà síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà àná kò mọ ti òní, ì báà jẹ́ ojú àlá ni wọ́n ti rí i.

Lílé owó tó ti lọ a máa dá gbèsè sílẹ̀. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ₦1,000, tó ń sọ ọ́ di ìlọ́po méjì ní gbogbo ìgbà tí kò bá jẹ, ti ná ₦31,000 lẹ́yìn ìgbà márùn-ún, ìgbà kẹfà yóò sì gba ₦32,000. Márùn-ún léraléra láìjẹ kì í ṣe àrà, òun ló wọ́pọ̀. Owó ọjà ló sábà máa ń kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà owó àjọ. Ẹni tó kàn láti kó àjọ lóṣù yẹn, tó lè má ta tẹ́tẹ́ rí, ni yóò kó owó tí kò pé.